Macchi Pupa Orí Tábìlì

Bí a bá ṣí páálí mọ́dẹ́lì bàálù onírésínì, ohun tí a ó bá nínú rẹ̀ kò tíì jọ bàálù. Ọ̀rá ni, pẹ̀lú àwọn ẹ̀yà kéékèèké funfun tó fà sí yẹ́lò, tí ọ̀pọ̀ wọn ṣì lẹ̀ mọ́ kùkùté tó nípọn jù wọ́n lọ. Ìwé àlàyé lè má ju ojú ewé kan lọ: àwòrán kan, ọfà mélòó kan, ó tán. Ìyẹ́ kò ní eyín tí yóò wọ ihò lára bàálù. Ìrù kò ní ibi tí wọ́n là sílẹ̀ dè é. Ẹni tó ra páálí náà ra ìrísí nìkan. Títọ́ rẹ̀, bí apá ọ̀tún yóò ṣe bá ti òsì dọ́gba, bí ìrù yóò ṣe dúró ṣánṣán, ọwọ́ ẹni tó ń tò ó ni gbogbo ìyẹn yóò ti wá.

Ibẹ̀ gan-an ni ìfẹ́ mi sí iṣẹ́ yìí wà. Mọ́dẹ́lì oníke ti òde òní, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti bá wa ro gbogbo èrò inú rẹ̀ tán. Ẹ̀yà á wọnú ẹ̀yà, wọn á sì bá ara wọn mu wẹ́kú. Iṣẹ́ dáadáa ni, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n lára résínì ni mo ti máa ń rí ojú àti ọwọ́ ènìyàn kedere, nítorí kò sí ohun mìíràn tó lè mú ìyẹ́ náà tọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi bàálù kan ṣe àlàyé: Macchi-Castoldi M.C.72 ti ilẹ̀ Ítálì. Mario Castoldi ló ya àwòrán rẹ̀ fún ìdíje Schneider ti ọdún 1931, níbi tí àwọn bàálù orí omi ti máa ń figagbága lórí eré sísá. Kò débi ìdíje náà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tíì gbọ́ràn, awakọ̀ méjì sì kú lẹ́nu ìdánwò lọ́dún yẹn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló fò ní oṣù Ọ̀wẹwẹ, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ náà lọ pátápátá. Àwọn ará Ítálì kò jáwọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1934, Francesco Agello gbé e fò lórí adágún Garda, nítòsí ìlú Desenzano, ó sì sá eré kìlómítà 709 ní wákàtí kan. Láti ìgbà náà, kò tíì sí bàálù orí omi onípísítìnnì tó yára jù ú lọ. Márùn-ún péré ni wọ́n kọ́. Ọ̀kan ló kù, ó wà ní mùsíọ́mù àwọn ọmọ ogun òfuurufú Ítálì ní Vigna di Valle, létí adágún Bracciano.

Ó rẹwà, ẹwà rẹ̀ sì ń da oníṣẹ́ láàmú. Ẹ́ńjìnnì Fiat méjì ni wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn nínú imú rẹ̀, sìlíńdà mẹ́rìnlélógún lápapọ̀, tí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ń yí abẹ̀bẹ̀ tirẹ̀, ọ̀kan síhìn-ín, èkejì sọ́hùn-ún. Ooru irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kò kéré. Bí Castoldi bá gbé rédíétọ̀ lásán sí ojú afẹ́fẹ́, yóò fa bàálù náà sẹ́yìn. Ó wá sọ ojú ìyẹ́ fúnra rẹ̀ di rédíétọ̀, páìpù idẹ pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí omi ń gba inú wọn kọjá. Bàtà gbọọrọ méjì tí bàálù náà fi ń léfòó gbé rédíétọ̀ pẹ̀lú, fún omi àti fún òróró ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà ara rẹ̀ pupa, ìyẹ́ rẹ̀ ń dán ní àwọ̀ idẹ, ìlà wẹ́wẹ́ sì bo ìyẹ́ náà láti etí iwájú dé ẹ̀yìn. Ẹ máa rántí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn.

Ìdí tí irú bàálù báyìí fi sábà máa ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn onírésínì kò ṣòro láti mọ̀. Mọ́ọ̀dù irin ni wọ́n fi ń ṣe mọ́dẹ́lì oníke; ẹ̀rọ á fi agbára ti ike yíyọ́ sínú rẹ̀, mọ́ọ̀dù kan náà á sì máa bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún láìṣàárẹ̀. Owó tí wọ́n ń ná kí wọ́n tó gé irin náà tán pọ̀ jọjọ. Ilé iṣẹ́ tó bá ná an, bàálù ogun olókìkí bíi Spitfire ni yóò ṣe, tàbí Mustang, torí gbogbo ayé ló ń rà wọ́n. Ta ni yóò gé irin nítorí bàálù márùn-ún tó sáré lórí adágún? Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ni, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré, pẹ̀lú rọ́bà àti omi résínì inú ìgò méjì. Ilẹ̀ Czech àti Poland wà lára ibi tí iṣẹ́ yìí ti fìdí múlẹ̀ jù lọ. Eduard, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Czech ní 1989, ń ta ẹ̀yà résínì fún àwọn tó ń to bàálù títí di òní, kò sì dá wà níbẹ̀.

Kí résínì kankan tó dì, ẹnì kan ti jókòó gbẹ́ àkọ́dá. Láyé àtijọ́ igi ni, tàbí ike pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ tí wọ́n sì họ. Lóde òní kọ̀ǹpútà ń ya ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ̀rọ a sì tẹ̀ wọ́n jáde ní ìpele-ìpele. Bó ti wù kó jẹ́, ìpinnu kò yẹ̀ lórí ẹni tó ń ṣe é. Ní ìwọ̀n 1/72, bàálù tí ìyẹ́ rẹ̀ gùn ní mítà 9.48 láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó yóò di sẹ̀ǹtímítà 13 àti díẹ̀. Ọkùnrin tó ga ní mítà 1.8 yóò di mílímítà 25. Ṣùgbọ́n ohun gbogbo kì í kéré lọ́nà kan náà lójú ènìyàn. Bí a bá fín ìlà tó fẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà sára mọ́dẹ́lì, lára bàálù gidi ihò tó fẹ̀ ju mílímítà 7 lọ ni. Ìka ọmọdé fẹ́rẹ̀ẹ́ lè wọ̀ ọ́. Bí a bá sì fín in ní ìwọ̀n rẹ̀ gidi, kò sí ojú tí yóò rí i, ọ̀dà yóò sì dí i pa. Ẹni tó gbẹ́ àkọ́dá Macchi yìí ní láti mọ iye ìlà rédíétọ̀ tí ìyẹ́ sẹ̀ǹtímítà 13 lè gbà kí ojú ṣì gbà pé páìpù ni. Bó bá pọ̀ jù, ìyẹ́ náà á kàn rí gbágungbàgun. Bó bá kéré jù, á di páànù ilé. Irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan, inú ojú tó ti wo fọ́tò fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí ló wà.

Rọ́bà sílíkónì ni wọ́n ń dà lé àkọ́dá náà. Wọn a fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kó tó dì. Bó bá sì dì tán, wọn a là á, wọn a yọ àkọ́dá, àyè rẹ̀ ló kù nínú rọ́bà. Omi méjì ni résínì fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá pò ó pọ̀, á máa gbóná láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, kò sì ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kó tó di líle. Ẹni tó bá ti tú ẹ̀kọ rí yóò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú mọ́ọ̀dù náà: gbogbo iṣan ewé ló máa ń hàn lára ẹ̀kọ, títí kan ibi tí ewé ti ká. Résínì kò fi nǹkankan pa mọ́ bákan náà. Bí ìka ọwọ́ bá fi àmì sílẹ̀ lára àkọ́dá, gbogbo bàálù tó bá ti inú rọ́bà yẹn jáde ni yóò gbé àmì ìka náà.

Rọ́bà sì ń darúgbó. Ooru àti èròjà inú résínì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé láàárín ogún sí àádọ́ta ìgbà tí wọ́n bá ti da nǹkan sínú rẹ̀, etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ya, ojú rẹ̀ á máa le. Wọn á tún òmíràn dà láti ara àkọ́dá. Ẹni tó mọ̀ yóò yẹ ẹ̀yà wò dáadáa kó tó san owó, torí èyí tó kọ́kọ́ jáde nínú rọ́bà máa ń mú ju èyí tó jáde kẹ́yìn lọ.

Kùkùté, ìyẹn résínì tó dì sí ibi tí wọ́n gbà dà á sínú mọ́ọ̀dù, ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹni tó ń da résínì ní láti yan ibi tí omi yóò gbà wọlé, ibẹ̀ náà sì ni afẹ́fẹ́ yóò gbà sá jáde. Ibi yòówù tó bá yàn, ojú ọgbẹ́ yóò wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gé kùkùté kúrò. Ẹni tí kò ronú á fi í sí etí iwájú ìyẹ́, níbi tí ojú kò lè ṣàìkàn án. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á fi í sí ìdí ìyẹ́, níbi tí yóò ti kan ara bàálù, kí oríkèé lè gbé ọgbẹ́ náà mì. Ó ti bá ẹni tí kò mọ̀ rí dín wàhálà kù. Mo ka ìyẹn sí ọ̀wọ̀, mo sì máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún nínú ọkàn mi.

Lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀yà bá ti wẹ̀ nínú omi ọṣẹ, torí òróró tí wọ́n fi pa inú mọ́ọ̀dù ṣì wà lára wọn tí ọ̀dà kò sì ní mú níbẹ̀, ayùn á wọlé. Ayùn náà fẹ́lẹ́ bí abẹ, eyín rẹ̀ wẹ́. Oníṣẹ́ kì í gé e mọ́ra. Á fi ìdajì mílímítà sílẹ̀ fún sáńpépà. Sáńpépà náà kì í gbé ọwọ́ rẹ̀: orí gíláàsì ló ń tẹ́ ẹ sí, ẹ̀yà ló ń fà lórí rẹ̀, nítorí ìka a máa tẹ̀, gíláàsì kì í tẹ̀. Omi ló fi ń rin ín. Eruku résínì ò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó bá ń họ ọ́ ní gbígbẹ láìbo imú ń ṣe ara rẹ̀ ní ibi, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ dá múṣémúṣé tó.

Ẹ wo bí oníṣẹ́ ṣe ń ṣe ìrù. Bí etí ẹ̀yìn ìrù bàálù gidi bá nípọn tó mílímítà 3, lára mọ́dẹ́lì kò ní tó ìdá kan nínú ogún mílímítà. Résínì tó bá fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò lè ti inú rọ́bà jáde láìya, nítorí náà ó nípọn ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tó dé. Oníṣẹ́ á họ abẹ́ rẹ̀, á fi òkè rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, á sì máa gbé e sókè sí iná ní gbogbo ìgbà. Résínì tó fẹ́lẹ́ máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá; bí ó bá tàn dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ti tó. Bí ibì kan bá ṣókùnkùn, ibẹ̀ ló kù. Kò sí ohun èlò tí mo mọ̀ tó yára tó ìyẹn. Ìgbà mìíràn, lẹ́nu họhọ yìí, ihò kan á ṣí lójijì: afẹ́fẹ́ tó ti fara pa mọ́ sábẹ́ awọ résínì látìgbà tí wọ́n ti dà á. Á fi orí abẹ́rẹ́ kán súpà gúlù sínú rẹ̀, kò sì ní jẹ́ kó di ọjọ́ kejì kó tó họ ọ́, torí bí súpà gúlù bá pẹ́ á le ju résínì lọ, sáńpépà á sì máa jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìjẹ òun.

Ìyẹ́ Macchi kò gba irú ìtọ́jú ti ìrù yẹn. Ìlà rédíétọ̀ wà lókè rẹ̀, ó wà lábẹ́ rẹ̀, sáńpépà ò sì gbọdọ̀ fara kàn wọ́n. Ẹni tó gbẹ́ àkọ́dá ni kó ti mú ìyẹ́ fẹ́lẹ́. Bí kò bá ṣe é, kò sí ẹni tó lè ṣe é mọ́. Ìyẹ́ tó bá wọ́ nìkan ni a lè ṣe nǹkan sí. Omi gbígbóná ni, ìṣẹ́jú díẹ̀, résínì á rọ̀. Oníṣẹ́ á tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, á fi nǹkan wúwo lé e, á sì jẹ́ kó tutù níbẹ̀. Ẹni tó bá kánjú gbé e kúrò á rí i pé ó tún ti ká padà.

Ibi tí ìyẹ́ ti pàdé ara bàálù ni iṣẹ́ gidi wà, ibẹ̀ ni mo sì ti lè wo oníṣẹ́ tó mọwọ́ fún ìgbà pípẹ́ láìsú mi. Ó kọ́kọ́ lu ihò tóóró méjì sí ìdí ìyẹ́, ó ki ọ̀pá idẹ bọ̀ wọ́n, ọ̀pá tí kò nípọn ju ìdajì mílímítà lọ, ó sì jẹ́ kí orí wọn yọ díẹ̀. Ihò ti ara bàálù ńkọ́? Kò fi rúlà wá a. Ó fi ọ̀dà kán orí idẹ méjèèjì, ó gbé ìyẹ́ náà sún mọ́ ara bàálù gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ kó wà, ó yí i díẹ̀, ó tún un wò, ó wá fi tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àmì ọ̀dà méjì ló kù síbẹ̀. Ibẹ̀ ni dírìlì ọwọ́ wọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú ìka méjì. Ihò tó lu sí ara bàálù fẹ̀ díẹ̀ ju idẹ lọ, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀: idẹ wà láti gbé ẹrù, àyè tó yí i ká sì wà kí ojú lè ṣe ìdájọ́ tó kẹ́yìn.

Kì í lo súpà gúlù níbẹ̀. Ìyẹn á dì kí èèyàn tó ṣẹ́jú, bó bá sì dì ní wíwọ́, ó di wíwọ́ nìyẹn. Gúlù onípín méjì tí à ń pò pọ̀ ló ń lò, èyí tí ń fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún náà, ó ń wo bàálù láti iwájú, ó ń wò ó láti ẹ̀yìn, ó ń fi okùn wọn ṣóńṣó ìyẹ́ ọ̀tún dé ṣóńṣó ìrù, ó ń wọn ti òsì pẹ̀lú. Ó tẹ́ ẹ sórí ìwé onílà mílímítà, ó tún un wò látòkè. Mílímítà kan péré ní ṣóńṣó ìyẹ́ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7 lára bàálù gidi, èèyàn sì lè rí i láti ẹnu ọ̀nà yàrá.

Macchi yìí kò sì dárí ji ẹnikẹ́ni. Lára àwọn bàálù ìdíje tó ṣáájú rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo tó ń yí máa ń fẹ́ tẹ bàtà ẹ̀gbẹ́ kan rì sínú omi, àwọn tó ya àwòrán wọn sì ń wá ọgbọ́n sí i. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé epo Supermarine S.5 sínú bàtà ọ̀tún kó lè fà á padà. Castoldi, ní tirẹ̀, mú kí abẹ̀bẹ̀ méjì yí ní òdìkejì ara wọn. Agbára ti ọ̀kan pa ti èkejì, bàálù náà sì lè dọ́gba ní ọ̀tún àti òsì láìsí àbùjá kankan. Nítorí náà, ibi tí ọ̀tún kò bá ti bá òsì mu lára mọ́dẹ́lì rẹ̀, kò sí ohun tí oníṣẹ́ lè tọ́ka sí nínú ìtàn. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é.

Àlàfo tóóró á kù láàárín ìyẹ́ àti ara bàálù, bó ti wù kí ojú mú tó. Lára bàálù mìíràn, pọ́tì àti sáńpépà á tán an. Níbí, ìlà rédíétọ̀ dé etí oríkèé gan-an, pọ́tì tó bá ṣàn sínú wọn á pa wọ́n rẹ́. Oníṣẹ́ á wá lẹ tépù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, á fi pọ́tì tí omi ń tú kún àárín, á fi òwú rírin nù ún kó tó gbẹ, á sì ká tépù kúrò. Kò họ nǹkankan. Bí ìlà kan tàbí méjì bá ti fara gbá nígbà tó ń gé kùkùté, á mú abẹ́rẹ́ tó dì mọ́ orí igi, á gbé irin pẹlẹbẹ tì í, á sì tún wọn fín lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti wo irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú gíláàsì tí ń sọ nǹkan di ńlá, tí mi ò lè sọ èyí tó wá láti inú rọ́bà àti èyí tó wá láti ọwọ́. Fún èmi, kò sí ohun tó wú ni lórí ju ìyẹn lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí.

Bàtà méjèèjì dúró lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, résínì gbogbo tó wà lókè sì jókòó lé wọn. Résínì tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ẹrù fún ọdún púpọ̀ nínú ooru á rọra tẹ̀. Páálí tó dára máa ń fi irin tàbí idẹ sí àárín ọ̀pá náà. Bí kò bá sí, oníṣẹ́ á ṣe ọ̀pá mìíràn láti ara idẹ, á sì tún ìrísí rẹ̀ ṣe. Gíláàsì iwájú awakọ̀ kò tóbi ju èékánná lọ. Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, gúlù funfun ti àwọn ọmọléèwé ni à ń fi lẹ̀ ẹ́, nítorí èéfín súpà gúlù á mú un funfun.

Ọ̀dà àkọ́kọ́ ti gíréè kì í ṣe fún ẹwà. Ó ń tú àṣírí ni. Gbogbo ibi tí sáńpépà 400 fi àmì sí tí 1000 kò pa rẹ́ yóò hàn gbangba, oníṣẹ́ á sì padà sẹ́nu họhọ. Lẹ́yìn náà ó ku ọ̀rọ̀ àwọ̀ méjì tí kò gbọ́ ara wọn. Idẹ ń fẹ́ dúdú dídán lábẹ́ rẹ̀ kó tó lè tàn bí irin. Pupa ń fẹ́ funfun tàbí píǹkì lábẹ́ tirẹ̀, torí lórí gíréè á dọ̀tí, lórí dúdú kò tilẹ̀ ní hàn. Ìyẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ kùn: dúdú, kó gbẹ pátápátá, idẹ lórí rẹ̀ ní fífọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, kí ìlà wẹ́wẹ́ má baà dí. Á wá fi tépù bo ìyẹ́ náà, á tẹ tépù yẹn mọ́ inú ìlà kọ̀ọ̀kan ní etí ibi tí pupa yóò dé, nítorí ọ̀dà á gba abẹ́ ìlà tí tépù kò bá wọ̀, á sì ṣe eyín ayùn sí ààlà náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni funfun, lẹ́yìn funfun ni pupa, ní ipele tó fẹ́lẹ́ tí kò sì yára. Ìgbà tó bá ká tépù yẹn kúrò ni mo fẹ́ràn jù láti dúró tì í.

Èrò mi nípa dídán rẹ̀ nìyí: kò yẹ kó dán bí ọkọ̀ tuntun. Bàálù gidi dán, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ sórí ohun kékeré máa ń mú un di nǹkan ìṣeré. Kí ó dín díẹ̀. Mi ò sì fara mọ́ àwọn tó ń da ọ̀dà dúdú sínú gbogbo ìlà ara bàálù ìdíje kí ó lè dà bí ohun tó ti lò gbó. Ara bàálù tí wọ́n kọ́ fún eré nìkan, tí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ yọ́ lórí rẹ̀, kò ní ìdọ̀tí nínú oríkèé. Fọ́tò Macchi tó wà nílẹ̀ fi bó ṣe mọ́ tó hàn.

Wáyà ló kù, àwọn okùn irin tó de ìyẹ́ mọ́ ara bàálù àti mọ́ bàtà. Bí wáyà gidi bá nípọn tó mílímítà 10, ti mọ́dẹ́lì kò gbọdọ̀ ju 0.14 lọ. Okùn ìwọ̀ ẹja tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń lo òwú tó ń fà bíi rọ́bà, kì í dẹ̀, kì í já bí ọwọ́ bá kàn án; èmi fẹ́ràn wáyà irin, torí títọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ fífà. Oníṣẹ́ á gé e sí ìwọ̀n, á fi ẹ̀múgà gbé e, á fi gúlù kán orí méjèèjì, á sì tẹ́ ẹ sáàárín ihò méjì tí ó ti lù kó tó kun ọ̀dà. Bí ìyẹ́ bá wọ́ díẹ̀, ibí ni yóò ti jẹ́wọ́: wáyà ọ̀tún á kúrú ju ti òsì lọ. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún ti gúlù yẹn bá lọ dáadáa, ìwọ̀n kan náà ni yóò gé fún méjèèjì, wọ́n á sì wọ̀.

Abẹ̀bẹ̀ ló kẹ́yìn, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Méjì ni, ewé méjì-méjì, tẹ̀lé ara wọn lórí imú kan. Nítorí pé wọ́n ń yí ní òdìkejì, ewé wọn lọ́ ní òdìkejì pẹ̀lú, èyí tó jẹ́ ti iwájú kò lè jẹ́ ti ẹ̀yìn. Nínú ọ̀rá, lórí kùkùté wọn, ìyàtọ̀ náà kò hàn bí èèyàn kò bá gbé wọn lé ara wọn. Oníṣẹ́ á ti sàmì sí wọn kí ó tó gé wọn, á họ etí ewé kọ̀ọ̀kan títí ìmọ́lẹ̀ á fi gba inú rẹ̀ kọjá, á kùn wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ti ẹ̀yìn ló ń kọ́kọ́ wọlé, ti iwájú á tẹ̀lé e, á sì wo bí wọ́n ṣe lọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kí gúlù tó dì.